Ibùdó Àgbàlagbà Kì Í Ṣe Ilé Arúgbó

Láti ìgbà tí àwọn ìyá wa ti ń lọ wẹ ọmọ fún àwọn ọmọ wọn ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ni ọ̀rọ̀ kan ti ń dá aáwọ̀ sílẹ̀ nínú ẹbí ní Èkìtì. Ọmọ á fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí pé, "Ẹ má mikàn rárá, Màmá ti ń lọ sí senior center láràárọ̀, wọ́n ń gbádùn ara wọn gan-an." Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àbúrò Bàbá tó wà ní Ìkéré á ti pe Àǹtí àgbà ní Ìfàkì, Àǹtí àgbà á ti bú sẹ́kún: wọ́n ti lọ gbé Màmá jù sílé arúgbó! Ẹnì kan á ní òun ò bá ọmọ náà ṣe mọ́. Bẹ́ẹ̀ Màmá tí wọ́n ń sunkún lé lórí wà lórí àga níbì kan, ó ti jẹun ọ̀sán, ó ń ta lúdò pẹ̀lú ìyá ará Jàmáíkà kan, kò sì ní pẹ́ gbalé lọ.

Nílé níbí, ìdàrúdàpọ̀ tiwa yàtọ̀. Kí ìjọba tàbí ìjọ kan ṣáà ti kéde pé àwọn fẹ́ ṣe ibùdó fún àwọn àgbà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wàá gbọ́ ni, "Èló ni wọ́n fẹ́ pín?" Ọ̀rọ̀ méjèèjì la fẹ́ tú wò níbí.

Kí ni ibùdó àgbàlagbà gan-an?

Òun ni òyìnbó ń pè ní senior center. Ibi tí àgbàlagbà tó ṣì lè dá wẹ̀, tó lè dá wọṣọ, tó sì lè rìn dé ìwọ̀n àyè kan ń lọ lójú ọ̀sán ni, láti wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, kó jẹun, kó ṣeré ìdárayá, kó kọ́ nǹkan tuntun. Nírọ̀lẹ́, yóò padà sínú ilé ara rẹ̀. Ẹ fi wé ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún. Kò sẹ́ni tó ń sùn lọ́jà. Èèyàn á múra lọ, á rà, á tà, á gbọ́ ẹni tó bímọ àti ẹni tó gbéyàwó, á bá ẹni tó jẹ ẹ́ lówó fa ọ̀rọ̀ díẹ̀, oòrùn á wọ̀, kálukú á sì gbalé rẹ̀ lọ. Kódà ìyá tí ọjà kò tà fún lọ́jọ́ náà, ara rẹ̀ máa ń yá ju ti ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ wo ògiri lọ.

Ilé arúgbó yàtọ̀ pátápátá. Bẹ́ẹ̀dì àwọn èèyàn wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn tí wọ́n ń jí, àwọn nọ́ọ̀sì sì ń pààrọ̀ iṣẹ́ tọ̀sán tòru, nítorí ẹni tó wà níbẹ̀ kò lè dá nǹkan ṣe fúnra rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹta tún wà tó bọ́ sí àárín, èyí tí wọ́n ń pè ní adult day care. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti bá jà, tàbí tí iyè rẹ̀ ti ń rá, ni wọ́n máa ń gbé lọ síbẹ̀ kí ọmọ tó ń tọ́jú rẹ̀ lè ríbi lọ síṣẹ́. Òun náà ń padà sílé nírọ̀lẹ́, àmọ́ òṣìṣẹ́ ìlera ló ń ṣọ́ ọ láti àárọ̀.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá dárúkọ senior center, ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún ló ń sọ. Bó bá dárúkọ nursing home, ìyẹn ilé arúgbó, ìgbà yẹn lẹ lè pe ìpàdé ẹbí. Kódà níbẹ̀ náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ṣe Màmá kẹ́ ẹ tó bínú.

Ibo ló ti ṣẹ̀ wá?

Ìlú New York ni, ní apá tí wọ́n ń pè ní Bronx, ní 1943. Orúkọ ibẹ̀ ni William Hodson Community Center. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìrànwọ́ fún aláìní ni wọ́n ṣàkíyèsí pé àwọn arúgbó tó bá wá sí ọ́fíìsì wọn kì í fẹ́ dìde lọ mọ́. Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó gba àkókò, wọ́n á fà á, wọ́n á tún un sọ, wọ́n á béèrè àlàáfíà ọmọ òṣìṣẹ́ náà. Ẹni tí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wá. Ni wọ́n bá wá àyè kan fún wọn, wọ́n kó tábìlì, àga àti ohun ìtayò síbẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní July 14, 1965, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ṣe fún àwọn àgbàlagbà Amẹ́ríkà, èyí tó jẹ́ kí owó ìjọba àpapọ̀ máa wọ irú iṣẹ́ yìí. Ní 1972 ni wọ́n fi ètò oúnjẹ kún un. Lónìí, nǹkan bí 10,000 irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ló wà káàkiri orílẹ̀-èdè náà.

Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ láti àárọ̀?

Oúnjẹ ló ń fa ọ̀pọ̀ èèyàn wá, kò sì sí ìtìjú nínú ìyẹn. Àgbàlagbà tó ń dá gbé kì í fẹ́ dáná. Ta ni yóò gúnyán fún ẹnu kan ṣoṣo? Tíì àti búrẹ́dì ni yóò fi gbé ọjọ́ náà. Nígbà tí oúnjẹ gbígbóná bá wà lórí tábìlì tí èèyàn mẹ́fà yí ká, ẹnu á là sí i.

Lẹ́yìn oúnjẹ, eré ìdárayá ló kàn, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀, nítorí àwọn èèyàn wa máa ń fi rẹ́rìn-ín. "Arúgbó ń ju apá, ó ń ju ẹsẹ̀, kí ló ń wá?" Ohun tó ń wá ni pé kó má ṣubú. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gorí ara wọn, ẹran itan máa ń fọ́n, ojú máa ń ṣe bàìbàì, òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sì lè mú kí òòyì kọ́ èèyàn bó bá ṣàdédé dìde. Ẹ wá fi bàtà sílípáàsì tó ti jẹ, ilẹ̀ táìsì tó lómi, àti ìdìde òru láti lọ tọ̀ láìsí iná kún un. Ìṣubú kan lè ṣẹ́ egungun ìbàdí, ọ̀pọ̀ àgbà kì í sì rìn bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí itan rẹ̀ ti ń rọ, ẹ sì lè ṣe é nílé. Ẹ wá àga tó dúró dáadáa, tí kò ní apá, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Kí Màmá jókòó sí àárín rẹ̀, kí wọ́n tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, kí wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà. Kí ẹnì kan dúró tì wọ́n. Ẹ wo aago fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí wọ́n máa dìde dúró tán, kí wọ́n tún jókòó, láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan. Bí obìnrin tó wà láàárín ọdún 70 sí 74 kò bá lè ṣe é tó ìgbà 10, tàbí tí ọkùnrin ọjọ́ orí kan náà kò tó ìgbà 12, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà sọ pé ewu ìṣubú wà níbẹ̀. Ìdìde-jókòó yìí kan náà ni òògùn rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe é díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, itan rẹ̀ á tún le sí i. Èyí tí ẹ ń rí nínú fídíò tí ẹ fi ń ṣẹ̀fẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n tún máa ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru níbẹ̀, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n nílé, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, tó ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ, ni wọ́n á so rọ́bà mọ́ lápá, tí wọ́n á tún máa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà tó bá jáde níbẹ̀, irọ́ ló ń pa. Ó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ lọ tọ̀, kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kó fẹ̀yìn ti àga, kó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kó gbé apá lé tábìlì kó bá àyà dọ́gba, kó má sì sọ̀rọ̀. Bí nọ́ńbà òkè bá ń tó 140, tàbí tí tìsàlẹ̀ ń tó 90, léraléra ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ti tó gbé lọ bá dókítà. Èyí tó bá ga lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tíì sọ nǹkan kan.

Ẹ̀kọ́ fóònù náà wà, mo sì rò pé òun la nílò jù ní Èkìtì. Bí a ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́, bí a ṣe ń wo ojú ọmọ-ọmọ lórí fídíò, ìyẹn dára. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí Bàbá mọ̀ pé ẹni tó bá pè, tó ní báńkì lòun, tó wá ní kí wọ́n ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù fún òun, olè ni. Báńkì kì í béèrè PIN lórí fóònù. Owó ìfẹ̀yìntì tí èèyàn fi ọdún gbọọrọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kí ó tó rí i lè pòórá láàárín ìpè kan.

Àwọn nǹkan yòókù kò le láti lóye: ìrìn àjò ìgbafẹ́, orin kíkọ, aṣọ híhun, ìrànwọ́ láti kọ fọ́ọ̀mù ìjọba.

Àwọn bàbá nìkan ni wàhálà. Obìnrin ló máa ń pọ̀ jù ní àwọn ibùdó wọ̀nyí, Bàbá á ní òun kì í ṣọmọdé. Ẹ gbé ọpọ́n ayò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n á wá.

Kí ló dé tí ìdánìkanwà fi di ọ̀rọ̀ dókítà?

Ní 2023, Dókítà Vivek Murthy, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà nígbà náà, gbé ìwé ìkìlọ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ìwé náà kó jọ láti inú ìwádìí ni pé ẹni tí kì í bá èèyàn da nǹkan pọ̀ ní ewu àrùn ọkàn tó fi 29% ju ti ẹlòmíràn lọ, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ tó fi 32% jù ú lọ, tó bá sì jẹ́ àgbàlagbà, ewu kí iyè máa rá fi nǹkan bí 50% pọ̀ sí i.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, àwa ní ẹbí. A ní in lóòótọ́. Àmọ́ níbo ni wọ́n wà? Ìwé tí Èkìtì fi ń yangàn náà ló kó àwọn ọmọ lọ. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Adó, ní Ìkọ̀lé, ní Ìjerò, ló ní ilé ńlá kan tí ọmọ marùn-ún ti jáde, ọ̀kan ní Èkó, ọ̀kan ní Àbújá, mẹ́ta lókè òkun, tí ìyá nìkan ṣoṣo sì kù pẹ̀lú ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í gbójú kúrò lára fóònù. Owó ń wọlé lóṣooṣù. Ẹni tí Màmá máa bá jiyàn ni kò sí. Èmi ò rí ìwà ìkà kankan nínú kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ríbi lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ sínú ilé náà nítorí kí ará àdúgbò má baà sọ̀rọ̀ ni mo rí bí ìkà.

Ta ló ń sanwó rẹ̀?

Ní Amẹ́ríkà, owó ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀, ti ìlú, àti ọrẹ àwọn èèyàn ló ń gbé e ró. Oúnjẹ tó wà lábẹ́ òfin 1965 yẹn, ẹni tó bá ti pé 60 ló wà fún, ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ sì lè bá a jẹ níbẹ̀ bí kò tilẹ̀ tíì pé 60. Wọn kì í dá iye lé e. Àpótí ọrẹ wà. Ẹni tó ní á fi síbẹ̀, ẹni tí kò ní, kò sẹ́ni tó máa lé e. Kíláàsì míì lè gba owó díẹ̀. Bí Màmá bá jẹ́ àlejò tó wá wẹ ọmọ, kí ọmọ béèrè ìlànà ibùdó náà ṣáájú, nítorí ọ̀tọ̀ ni ti ibi tí ìlú ń ṣe, ọ̀tọ̀ ni ti ìjọ.

Kò sí owó tí wọ́n ń pín fún ẹni tó bá wá o. Ẹni tó bá ń retí àpòòwé yóò jókòó pẹ́.

Kí la ní nílé?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú nìyí, nítorí nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń pò pọ̀.

Òfin kan wà tí wọ́n ṣe ní 2017 tó dá National Senior Citizens Centre sílẹ̀. Àjọ ìjọba àpapọ̀ ni, Àbújá ló fìdí kalẹ̀ sí, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà jákèjádò Nàìjíríà. Kì í ṣe gbọ̀ngàn tí Bàbá lè gbé ọ̀pá lọ láti Àjìlosun lọ jókòó. Ní 2021, ìjọba àpapọ̀ tún fọwọ́ sí ìlànà kan lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó.

Owó ni ìkejì. Ní 2011, lábẹ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àgbà aláìní tó ti pé 65 ní ₦5,000 lóṣooṣù. Èyí ló jókòó sí ọkàn àwọn èèyàn, òun ló sì fà á tí wọ́n fi ń gbọ́ "owó" nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ àgbàlagbà. Owó ìrànwọ́ nìyẹn, ó dára láyè tirẹ̀, àmọ́ owó kì í báni ta ayò.

Ìkẹta ni owó ìfẹ̀yìntì, èyí tí òṣìṣẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ. Ẹ̀tọ́ ni, kò sì kan bóyá ibùdó wà tàbí kò sí. Àmọ́ ẹ wo ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì dáadáa: púpọ̀ nínú wọn kì í lọ nítorí ọ̀rọ̀ owó nìkan. Wọ́n ń lọ rí ojú ara wọn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ ìyá ìjọ àti ẹgbẹ́ alásàlátù. Ohun tí ibùdó máa fi kún un ni oúnjẹ, ìdárayá, àyẹ̀wò ara, àti pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ náà lè wá.

October 1 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbàlagbà, ọjọ́ kan náà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960 tí wọ́n sì dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996. Kò yani lẹ́nu pé ti àwọn àgbà ló máa ń sọnù sínú ariwo ọjọ́ náà.

Bí ìlú kan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?

Kó má ṣe kọ́ ilé. Àwọn gbọ̀ngàn tí ọmọ ìlú fi owó ara wọn kọ́ wà káàkiri Èkìtì, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà ní títì pa láti Ajé dé Ẹtì, wọ́n ń dúró de ìnáwó ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Kó má bọ́ sí ọjọ́ ọjà, nítorí ìyá ẹni ọdún 75 tó ń ta gààrí kò ní torí yín pa ọjà rẹ̀ tì.

Ilé ìyàgbẹ́ lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ wò, kẹ́ ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn. Bí kò bá ní ìjókòó gíga, bí àtẹ̀gùn bá wà níwájú rẹ̀, bí kò bá sí irin tí èèyàn lè dì mú, àwọn àgbà á wá lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní padà, wọn ò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Àga oníke funfun tí a ń háyà fún òkú kò dára fún wọn. Ó máa ń yẹ̀ lórí ilẹ̀ táìsì. Ọ̀kadà kò yẹ wọ́n. Ẹ bá oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá kan ṣàdéhùn kó máa kó wọn wá láti adúgbò kan sí èkejì.

Àwọn tó máa ṣe iṣẹ́ náà wà nílé tẹ́lẹ̀. Èkìtì kò ní ọ̀wọ́n tíṣà àti nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Kí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé tí Màmá ń mú lọ sílé. Kí tíṣà kọ́ wọn ní fóònù. Kí ọ̀dọ́ gún iyán, kí obẹ̀ rẹ̀ lẹ́fọ̀ọ́ dáadáa, kí òkèlè ẹni tó ní àtọ̀gbẹ sì kéré. Mo mọ̀ pé lórí òkèlè yìí, ìjà á wà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ó dà bíi pé wọ́n wá gba àánú. Àwọn ìyá kan ṣì wà tí wọ́n mọ alámọ̀ sun, tí ọmọ ọmọ wọn kò gbọ́ rí. Lásìkò ìsinmi, ẹ kó àwọn ọmọ ilé ìwé wá kí wọ́n jókòó tì wọ́n. Ẹni tó ń kọ́ni kì í tètè sú wá.

Àwọn wo ni kò yẹ fún?

Ẹni tó ti ń ṣìnà ilé rẹ̀, tó ń gbàgbé iná lórí sítóòfù, tó ń béèrè ọkọ tó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, kì í ṣe ibùdó yìí ló kàn fún un. Dókítà ló kàn. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn wà ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ìdó. Ẹ má pè é ní ogbó lásán, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní àjẹ́. Àrùn ni, ìtọ́jú tirẹ̀ sì yàtọ̀.

Fún ẹni tó bá yẹ, kí ọmọ tàbí aládùúgbò bá wọn lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó jókòó díẹ̀ kó tó padà. Kí ìwé kékeré wà nínú àpò wọn tí a kọ orúkọ òògùn tí wọ́n ń lò sí, àti nọ́ńbà ẹni tí a lè pè. Bí wọ́n bá dé tí wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́, ẹ béèrè ẹni tí wọ́n jókòó tì. Bóyá ẹni tí wọ́n ti ń bá ṣe ìjà ilẹ̀ láti ọdún 1978 ni. Ẹ kàn ní kí wọ́n pààrọ̀ tábìlì fún wọn.